Kànga Tó Ń Rùn Bí Ilé Epo: Ṣe àti Má Ṣe

Lọ́dún 1975, epo ọkọ̀ òfurufú tó tó 80,000 gálọ́ọ̀nù dà sílẹ̀ níbi tí àwọn ológun Amẹ́ríkà ń tọ́jú epo sí ní Hanahan, lẹ́bàá Charleston, ní ìpínlẹ̀ South Carolina. Wọ́n sáré kó ohun tí wọ́n lè kó. Ṣùgbọ́n iyanrìn ni ilẹ̀ ibẹ̀, ìyókù sì ro lọ sísàlẹ̀ títí ó fi bá omi abẹ́lẹ̀. Nígbà tó máa fi di 1985, oró epo náà ti rìn dé abẹ́ ilé àwọn ará àdúgbò. Kò sí bí wọ́n ṣe lè wú gbogbo ilẹ̀ abẹ́ ilé èèyàn kó dànù. Bí wọ́n bá sì ń fa omi jáde lásán, epo tó ti mu sára iyanrìn yóò tún ro sínú omi tuntun.

Àwọn onímọ̀ àjọ USGS, tó ń ṣèwádìí ilẹ̀ àti omi fún ìjọba Amẹ́ríkà, yẹ ilẹ̀ náà wò, wọ́n sì rí i pé iṣẹ́ ti ń lọ lábẹ́lẹ̀ kí wọ́n tó dé. Àwọn kòkòrò àìfojúrí tó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ń jẹ epo náà, wọ́n sì ń sọ oró inú rẹ̀ di irú afẹ́fẹ́ tí èèyàn ń mí jáde. Àìtó oúnjẹ mìíràn tí kò sí nínú epo ló dín iṣẹ́ wọn kù. Lọ́dún 1992, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi omi gbé oúnjẹ kòkòrò wọ inú ilẹ̀ náà. Ní òpin 1993, ìdọ̀tí abẹ́ àdúgbò náà ti fi ìdá 75 nínú ọgọ́rùn-ún dín kù. Nítòsí ibi tí oúnjẹ ti ń wọlé, omi tí toluene, ọ̀kan lára oró epo náà, inú rẹ̀ ti ju ìdá 5,000 nínú bílíọ̀nù kan lọ rí kò ní èyí tí ẹ̀rọ àyẹ̀wò lè rí mọ́.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwa náà. Ní Baruwa, lágbègbè Ìpájà nílùú Èkó, ó ti lé lógún ọdún tí bẹntiróòlù inú ọ̀pá epo ti wọ kànga àwọn èèyàn. Omi wà lábẹ́ ilé wọn, omi ríra ni wọ́n ń mu. Ó ń dùn mí pé bí a bá ti dárúkọ kòkòrò tó ń jẹ epo, àwọn kan á ní àlá lásán ni, àwọn mìíràn á sì sọ ọ́ di ọjà tí wọ́n ń tà nínú kẹ́ẹ̀gì. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ onílé, ẹ̀yin agbẹ́kànga, ẹ̀yin tí ẹ ni ilé epo, ohun tó yẹ kí ẹ ṣe àti ohun tí kò yẹ nìyí.

Ẹ má ṣe mu omi kànga tí epo ti wọ̀, kódà bó bá mọ́ gaara. Omi tó mọ́ lójú lè ní benzene nínú. Inú bẹntiróòlù ni benzene wà, ó máa ń yòrò sínú omi ju ọ̀pọ̀ ohun mìíràn tó wà nínú epo lọ, ó sì ń fa jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀. Ìwọ̀n tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fọwọ́ sí nínú omi mímu kò ju mílígíráàmù 0.01 nínú líítà kan lọ. Imú kì í gbọ́ èyí tó kéré tó bẹ́ẹ̀. Kí ẹ tó gbóòórùn rẹ̀ nínú omi, ó ti kọjá ìwọ̀n náà fíìfíì. Àjọ UNEP, ẹ̀ka Ìṣọ̀kan Àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àyíká, yẹ kànga wò ní Nisisioken Ogale nílẹ̀ Ogoni. Ohun tí wọ́n kọ sínú ìjábọ̀ wọn lọ́dún 2011 ni pé benzene inú omi kànga tí àwọn èèyàn ń mu ju ìwọ̀n Àjọ Ìlera lọ ní ìlọ́po 900. Àwọn kan níbẹ̀ mọ̀ pé omi náà kò dára. Wọ́n ń lò ó bẹ́ẹ̀, torí wọn ò ní òmíràn.

Ẹ má ṣe sè é, kí ẹ wá ní ó ti mọ́. Iná tó ń pa kòkòrò àìsàn inú omi kì í pa epo. Ńṣe ni yóò gbé ooru benzene sókè sínú ilé ìdáná, níbi tí ìyá àti ọmọ yóò ti máa fà á símú. Álọ́ọ̀mù kò lè mú un, aṣọ tí a fi ń sẹ́ omi kò lè dá a dúró. Bí ẹ bá sì gbé e kaná fún ìwẹ̀, imú náà ni yóò gbà wọlé.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí iná sún mọ́ ọn, ẹ má sì ṣe rán ẹnikẹ́ni wọ inú kànga náà. Ooru bẹntiróòlù wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ìsàlẹ̀ kànga ló máa ń sùn sí. Sìgá kan tó láti dáná sí i, fìtílà kan tó, jẹnẹrétọ̀ tí wọ́n gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga láti fi fa omi náà tó. Agbẹ́kànga tó bá sọ̀ kalẹ̀ láti lọ wo ohun tó ń rùn lè má lókun láti gun òkè padà. Mo bẹ ẹ̀yin baálé ilé: ẹ dé e, ẹ fi àgádágodo tì í, ẹ sì kọ ìkìlọ̀ sára rẹ̀ ní èdè tí gbogbo àdúgbò gbọ́.

Ẹ fi tó ìjọba létí, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. NOSDRA ni àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí epo tó bá dà sílẹ̀. L'Ékòó, LASEPA náà wà. Ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ kọ́kọ́ gbóòórùn rẹ̀, ẹ kọ iye kànga tó kàn, ẹ ya àwòrán, ẹ sì tọ́jú ẹ̀dà ìwé náà.

Ẹ dí ibi tó ti ń jò kí ẹ tó dárúkọ kòkòrò kankan. Ká kọ́kọ́ lé akátá lọ ná, ká tó fi àbọ̀ bá adìẹ. Kò sí kòkòrò tó lè jẹ epo tán bí táńkì bá ń jò sí i lójoojúmọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ni ilé epo, ìpẹtà kì í fi irin tó wà lábẹ́ ilẹ̀ sílẹ̀. Ẹ máa wọn epo inú táńkì láràárọ̀ àti lálaalẹ́, kí ẹ fi wé iye tí ẹ tà. Bí epo bá ń dín ju ohun tí ẹ tà lọ, ẹ má ṣe yára pe ọmọṣẹ́ yín lólè; ó lè jẹ́ ilẹ̀ ló ń mu ún.

Ẹ jẹ́ kí àwọn tó mọ iṣẹ́ kó epo tó léfòó kúrò. Bẹntiróòlù àti kẹrosíìnì fúyẹ́ ju omi lọ, orí omi ni wọ́n ń gbé. Ní Ogale tí mo mẹ́nu bà lẹ́ẹ̀kan, epo tó léfòó sórí omi abẹ́lẹ̀ nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 8. Kòkòrò kì í gbé inú ògidì epo. Inú omi ni wọ́n ń gbé, ibi tí epo ti ń yòrò díẹ̀díẹ̀ sínú omi ni wọ́n sì ti ń jẹ ẹ́. Èyí tó bá léfòó yóò máa yòrò fún ọ̀pọ̀ ọdún, yóò sì máa ba omi jẹ́ níṣojú wọn. Ẹ̀rọ wà tó ń ha epo lórí omi. Àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò tó ń fi korobá fa á láti lọ tà kò ṣe ìmọ́tótó kankan. Ikú ni wọ́n ń gbé káàkiri.

Ẹ fún àwọn kòkòrò náà ní afẹ́fẹ́. Ibí ni ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ti ń bàjẹ́, torí náà ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀. Àwọn tó yára jù nínú jíjẹ epo, irú bíi *Pseudomonas*, nílò ọ́síjìn bí àwa náà ṣe nílò rẹ̀. Kí wọ́n tó lè jẹ benzene tó jẹ́ mílígíráàmù 1 tán pátápátá, wọ́n á lo ọ́síjìn tó tó mílígíráàmù 3. Bẹ́ẹ̀ omi tó lọ́ wọ́ọ́wọ́ bí ti ilẹ̀ wa kì í gbà ju nǹkan bíi mílígíráàmù 8 ọ́síjìn lọ sínú líítà kan láti inú afẹ́fẹ́. Ẹ ṣírò rẹ̀. Ọ́síjìn inú líítà omi kan kò tó láti jẹ benzene mílígíráàmù 3 tán. Ní àárín ibi tí epo bà jẹ́, ó ti tán tipẹ́tipẹ́. Kòkòrò wà níbẹ̀, ebi epo ń pa wọ́n, epo sì wà níwájú wọn. Èémí ni wọn ò ní.

Ọ̀nà tó wọ́pọ̀ ni kí wọ́n gbẹ́ ihò tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ kọjá ojú omi abẹ́lẹ̀, kí wọ́n máa fi ẹ̀rọ fẹ́ afẹ́fẹ́ wọ ìsàlẹ̀, kí ó máa hó gba inú omi gòkè. Fún ilẹ̀ gbígbẹ tó wà lókè omi, wọ́n lè fẹ́ afẹ́fẹ́ gba inú iyanrìn fúnra rẹ̀. Àwọn mìíràn ń lo lúbúlúbú magnesium peroxide, tó ń tú ọ́síjìn sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí omi bá ti kàn án. Inú iyanrìn ni gbogbo èyí ti ń yá. Amọ̀ kì í jẹ́ kí afẹ́fẹ́ kọjá, ó máa ń yà á gba ẹ̀gbẹ́ ni. Oníṣẹ́ tó bá mú ẹ̀rọ dé láìtíì yọ ilẹ̀ yín wò títí dé ojú omi kò tíì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí wọ́n fẹ́ ẹ ní àfẹ́jù. Afẹ́fẹ́ tó bá pọ̀ jù yóò lé ooru epo jáde kúrò nínú omi kí kòkòrò tó rí i jẹ, yóò sì gba abẹ́ ilé wọ inú yàrá. Ilé tó wà lórí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀, kí wọ́n máa yẹ afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ wò ní gbogbo àkókò tí ẹ̀rọ bá ń ṣiṣẹ́.

Ẹ má ṣe da àpò ajílẹ̀ sínú kànga. Òótọ́ ni pé kòkòrò nílò náítírójìn àti fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì. Epo ní káábọ́nì lọ́pọ̀ yanturu, ṣùgbọ́n kò ní méjì yìí. Ìwọ̀n tí àwọn onímọ̀ sábà máa ń fi bẹ̀rẹ̀ ìṣirò ni káábọ́nì 100 sí náítírójìn 10 sí fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì 1. Ṣùgbọ́n wíwọ̀n ni wọ́n ń wọ̀n ọ́n. Ní Hanahan, bí oúnjẹ ti ń wọ ilẹ̀ láti ibì kan, bẹ́ẹ̀ ni kànga mìíràn ń fa omi tó bà jẹ́ jáde. Ẹni tó bá da ajílẹ̀ ọjà sínú kànga lásán ń fi náítíréètì kún omi gbogbo àdúgbò. Bí náítíréètì bá ju mílígíráàmù 50 lọ nínú líítà kan, ó lè mú kí ẹ̀jẹ̀ ọmọ ìkókó tí wọ́n fi omi náà po oúnjẹ fún má lè gbé ọ́síjìn mọ́. Ẹ̀yin náà wò ó: epo kò tíì kúrò, ewu mìíràn ti dé bá ọmọ ọwọ́.

Ẹ má ṣe ra kòkòrò inú kẹ́ẹ̀gì. Ẹni tó ń tà á yóò sọ pé kòkòrò òun lágbára ju ti ilẹ̀ yín lọ. Ẹ bi í pé ibo ni èyí tó wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀ lọ. Ibi tí epo bá ti wà fún oṣù mélòó kan, àwọn tó mọ epo jẹ ti ń pọ̀ sí i níbẹ̀ fúnra wọn. Ooru, iyọ̀ àti amọ̀ ibẹ̀ ti mọ́ wọn lára. Àlejò inú kẹ́ẹ̀gì kò mọ ilẹ̀ náà, kì í sì í pẹ́ kó tó kú. Nígbà tí bẹntiróòlù jò láti inú ọ̀pá epo ní Ambler, ní Pennsylvania, Richard Raymond àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilé-iṣẹ́ Sun Oil bẹ̀rẹ̀ irú iṣẹ́ yìí níbẹ̀ lọ́dún 1972, àwọn tí wọ́n sì gbára lé ni kòkòrò inú ilẹ̀ ibẹ̀: afẹ́fẹ́ àti oúnjẹ ni wọ́n fi ràn wọ́n lọ́wọ́. Lẹ́yìn tí ọkọ̀ Exxon Valdez da epo rọ̀bì sí etíkun Alaska lọ́dún 1989, ajílẹ̀ ni wọ́n fọ́n sí etí omi fún àwọn kòkòrò ibẹ̀.

Kí n má parọ́, ibi tí kòkòrò àjèjì ti wúlò wà. Wọ́n máa ń lò ó níbi tí kẹ́míkà tí àwọn alágbàfọ̀ fi ń fọ aṣọ láìlo omi bá ti wọ ilẹ̀, torí kòkòrò tó lè tú u palẹ̀ pátá kò sí níbi gbogbo. Ti bẹntiróòlù kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ fi owó kẹ́ẹ̀gì náà san owó àyẹ̀wò.

Ẹ má ṣe da apakòkòrò sí i. Kilorínì, ìzàlì, ọṣẹ ìfọṣọ: kò sí èyí tó ń mú epo kúrò níbẹ̀, wọ́n sì ń pa àwọn tó ń jẹ ẹ́.

Ẹ bèèrè ohun tó wà nínú epo náà. Epo kò rí bákan náà lẹ́nu kòkòrò. Dísù wúwo, kì í yára rìn, ṣùgbọ́n ó máa ń pẹ́ nílẹ̀. MTBE, tí àwọn orílẹ̀-èdè kan ń pò mọ́ bẹntiróòlù, máa ń bá omi sáré jìnnà ju benzene lọ, kòkòrò tó sì lè jẹ ẹ́ kò pọ̀. Bí ọtí ethanol bá wà nínú epo náà, ọ̀ràn tún yàtọ̀. Ní Brazil, níbi tí wọ́n ti ń po ethanol ìrèké mọ́ bẹntiróòlù láti ọjọ́ pípẹ́, àwọn onímọ̀ Yunifásítì Ìjọba Àpapọ̀ ti Santa Catarina mọ̀ọ́mọ̀ da irú epo bẹ́ẹ̀ díẹ̀ sínú ilẹ̀ ìwádìí wọn ní Florianópolis lọ́dún 1998, wọ́n sì ṣọ́ ọ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ethanol ni kòkòrò máa ń kọ́kọ́ dojú kọ, torí ó rọrùn fún wọn láti jẹ. Wọ́n á lo ọ́síjìn tán lórí rẹ̀, benzene á sì dúró síbẹ̀ láìsí ẹni tó kàn án. Ibi tí ìjọba bá ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í po ethanol mọ́ epo, kí wọ́n fi èyí sọ́kàn kí wọ́n tó kọ́ ilé epo sẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga.

Ẹ wọ̀n ọ́n, ẹ tún un wọ̀n. Omi kànga kan tí òórùn rẹ̀ rọlẹ̀ kò tíì jẹ́ ẹ̀rí. Ó kéré tán, kí kànga àyẹ̀wò wà lókè ibi tí omi abẹ́lẹ̀ ti ń ṣàn bọ̀, kí ó wà láàárín ibi tó bà jẹ́, kí ó sì wà nísàlẹ̀ níbi tí omi náà ń ṣàn lọ. Benzene nìkan kọ́ ni kí wọ́n wọ̀n. Bí kòkòrò bá ń ṣiṣẹ́ ní tòótọ́, ọ́síjìn àárín á kéré sí ti òkè. Bí ọ́síjìn bá tán, àwọn ẹ̀yà kòkòrò mìíràn á gba iṣẹ́, wọ́n á máa lo náítíréètì, lẹ́yìn náà irin tó wà nínú ilẹ̀, lẹ́yìn náà sulphate. Irin á yòrò sínú omi, ó sì lè pọ́n bí ẹ bá fà á jáde. Ní ìkẹyìn, methane á bẹ̀rẹ̀ sí í jáde, òun náà sì ń gbiná. Iṣẹ́ àwọn wọ̀nyí lọ́ra ju ti àwọn tó ń lo ọ́síjìn lọ, benzene ni wọ́n sì sábà máa ń fi sẹ́yìn. Àmì wọ̀nyí ló ń sọ fún wa bóyá wọ́n ń jẹ epo náà, tàbí òjò kàn là á ni.

Òjò sì ń tan èèyàn jẹ. Ní oṣù kẹfà, omi abẹ́lẹ̀ á gòkè, á bo epo tó lẹ̀ mọ́ iyanrìn, á sì là á. Àyẹ̀wò á dára, inú onílé á dùn. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, omi á lọ sílẹ̀, epo á tún yọjú. Torí náà, ẹ wọ̀n ọ́n lójò, ẹ wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀rùn, kí ẹ sì tún wọ̀n ọ́n lẹ́yìn tí wọ́n bá ti pa ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ fún oṣù mélòó kan, torí ìdọ̀tí tó lọ sábà máa ń padà wá lẹ́yìn tí ẹ̀rọ bá dákẹ́. Ẹ má ṣe gba ìwé "ó ti mọ́" lọ́wọ́ oníṣẹ́ tó wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Ẹ má ṣe gba "ilẹ̀ á tọ́jú ara rẹ̀" gẹ́gẹ́ bí èsì. Ọ̀rọ̀ tó ń bí mi nínú jù nìyí, torí ìmọ̀ tòótọ́ ni wọ́n fi ń bo ìwà àìbìkítà mọ́lẹ̀. Lẹ́bàá Bemidji, ní Minnesota, ọ̀pá epo bẹ́ lọ́jọ́ ogún oṣù kẹjọ ọdún 1979. Epo rọ̀bì tó tó líítà mílíọ̀nù 1.7 ló dà sílẹ̀. Lẹ́yìn gbogbo kíkó, nǹkan bíi líítà 400,000 ṣẹ́ kù nínú ilẹ̀. Láti 1983 ni àwọn onímọ̀ ti ń ṣọ́ bí kòkòrò ṣe ń jẹ ẹ́. Wọ́n ń jẹ ẹ́ lóòótọ́, wọn kò sì jẹ́ kí oró rẹ̀ rìn jìnnà. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, epo ṣì wà níbẹ̀. Inú igbó ni ibi tí epo yẹn dà sí wà. Abẹ́ ilé èèyàn ni tiwa. Nílẹ̀ Ogoni, UNEP rí i pé títú ilẹ̀ òkè kí kòkòrò lè jẹ epo rẹ̀, tí wọ́n ń ṣe kiri nígbà náà, kò kan epo tó ti rì ju mítà 5 lọ. Wọ́n sì ṣírò rẹ̀ pé àtúnṣe ilẹ̀ náà lè gba ọdún 25 sí 30. Ẹni tó bá ní kí ìyá ọlọ́mọ máa fi irú ìgbà yẹn dúró de kòkòrò láìfún un lómi, kò gbọ́ ohun tí ìmọ̀ yìí sọ.

Ẹ bèèrè omi mìíràn lónìí, kí iṣẹ́ kòkòrò tó parí. Omi ẹ̀rọ ìjọba tí wọ́n fà láti ibi tí kò bà jẹ́ ló dára jù. Bí kò bá sí, kí ẹni tó ba omi jẹ́ máa fi táńkà gbé omi wá ní owó tirẹ̀.

Ẹ má ṣe gbẹ́ kànga-dẹ̀rọ jíjìn gba àárín ibi tó bà jẹ́ kọjá. Ọ̀pọ̀ onílé ló ń sá lọ síbẹ̀, mo sì mọ ìdí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ihò tí wọ́n bá gbẹ́ gba inú epo kọjá lè di ọ̀nà tí epo náà yóò gbà dé omi ìsàlẹ̀ tó ṣì mọ́. Bí kò bá sí ibòmíràn tí ẹ lè gbẹ́ ẹ sí, ẹ bi agbẹ́kànga léèrè kó tó gbé ẹ̀rọ sọ̀: ibo ni ipele amọ̀ tó wà láàárín omi òkè àti omi ìsàlẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀, páìpù wo ni yóò kọ́kọ́ rì dé ibẹ̀, báwo ni yóò sì ṣe fi sìmẹ́ńtì dí ẹ̀gbẹ́ páìpù náà láti ìsàlẹ̀ dé òkè? Ẹni tí kò bá lè dáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kó máa gbé ẹ̀rọ rẹ̀ lọ.